Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Rìn Dé Gòdómè

Òórùn aṣọ àgọ́ tó ti gbó ni mo fi ń rántí ọdún yẹn. Tí òjò bá rọ̀, tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Tokpa kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀, òórùn náà á kàn ṣàdédé wọ imú mi, inú mi á sì bàjẹ́ títí di ọ̀sán. Àwọn ọmọ mi rò pé orí ló máa ń fọ́ mi. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Aṣọ àgọ́ sọ́jà ni, àlòkù, tí ọ̀rẹ́ mi aránṣọ rí rà ní gbàǹjo. Ó gé e, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló kán sí i lára kó tó fi rán àpò ńlá méjì tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, okùn méjì ní èjìká, ọ̀kan ní ìbàdí. Láyé ìgbà náà, ní Kútọnu, kò sí àgbàlagbà tó ń gbé ẹrù sẹ́yìn. Orí ni ẹrù ń wà. Ọmọ ni wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn. Nígbà tí a gbé àpò náà kọ́, tí a ń rìn yíká àgbàlá láti dán an wò, ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ ta lẹ pọ̀n yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sunkún o."

Mo bínú. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, tíṣà ni mí, mo sì ka ara mi sí ẹni tí ojú rẹ̀ là ju ti gbogbo ilé lọ. Ìgbà Àyípadà ni, ìgbà tí ìjọba àwọn sọ́jà ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́. Rédíò ń sọ láràárọ̀ pé kí a jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ asán, èmi náà sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ń na ìka sí wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù èèwọ̀ kò lè tún ìlú ṣe. Háà, ẹnu mi mú nígbà náà!

Gánhì, àárín ìlú Kútọnu, ni mo ti rí ọgbọ́n àpò ẹ̀yìn yìí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti lọ lu òǹtẹ̀ sí ìwé kan, ni mo bá rí ọ̀dọ́ òyìnbó méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé ìfowópamọ́, tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì lásán. Mo fi Faransé bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn la aṣálẹ̀ kọjá ni, pé àwọn kì í sanwó ọkọ̀, ẹni tó bá ń lọ ni àwọn ń bẹ̀ kó gbé àwọn, oúnjẹ àti ẹní àwọn sì wà lẹ́yìn àwọn. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹun tán. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ẹni tó lówó ń fẹsẹ̀ rìn káyé, èmi tí mi ò ní nǹkan kan wá jókòó sílé.

Abíjàn ni gbogbo wa ń wò nígbà yẹn. Wọ́n ní ilé ibẹ̀ ga dé ibi tí ọrùn á fi dun ẹni tó ń wò ó, pé iná ojú títì wọn kì í kú. Wọ́n sì ní ọ̀wọ́n ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ: omi mímu bí ẹni ń ra ọtí, ibùsùn ọjọ́ kan bí ẹni ń ra ilé. Ìdí nìyẹn tí èmi àti aránṣọ fi pinnu pé a ó ru oúnjẹ wa lọ, a ó máa bẹ ọkọ̀ akẹ́rù, a ò ní fi kọ́bọ̀ kan ra ohun tí a lè gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n tíṣà kò lè kàn dìde kó ní òun ń lọ wo ayé. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ kọ́mítí àdúgbò, kó sì sọ ohun tó ń bá lọ. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń lọ wò. Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀. Irọ́ ni pé òun ni mò ń bá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí bàbá mi. Ìyá tó bí i ti kú tipẹ́, ìyá mi ló wò ó dàgbà. Ọdún méje ṣáájú ìgbà tí mò ń wí yìí ló tẹ̀lé dírébà kan, Mùsùlùmí ọmọ Kétu, lọ sí Abíjàn, nígbà tí bàbá mi, àgbà ìjọ, ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ṣakété sọ ọ́ pé ọmọ ọ̀rẹ́ náà ni yóò fẹ́ ẹ. Ìtìjú yẹn wọ bàbá mi lára. Ó ní òun kò bí i mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, àbúrò bàbá mi kan dá ọgbọ́n orí ara rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé bàbá ti dárí jì í, kó máa bọ̀ wálé. Obìnrin náà wá láti Abíjàn tòun toyún, ó dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ bó ṣe ń kanlẹ̀kùn, mi ò sì dìde. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lójú títì, ó ní láti òní lọ, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ iṣẹ́ bàbá òun fún òun tí òun á gbà gbọ́, àfi tí onítọ̀hún bá mú àmì lọ́wọ́, ohun tí òun fojú ara òun mọ̀ pé ti bàbá òun ni.

Òṣìṣẹ́ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Òun ló máa ń kígbe orúkọ ìlú fún àwọn èrò nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ohùn rẹ̀ á sì borí ariwo ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, orúnkún rẹ̀ kan ti wú, ikọ́ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Dókítà ti sọ fún ìyá mi pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kó má ṣe máa rìn jìnnà, kí a má sì máa mú un bínú. Wọn ò sọ fún wa pé ó máa kú. Ojú ìyá mi ló sọ ọ́.

Nígbà tó gbọ́ pé mò ń wá ìwé àṣẹ Abíjàn, ó pè mí sínú yàrá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ìwé tí ò ń wá yẹn, ṣé torí ẹ̀gbọ́n rẹ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní, "Sọ fún un kó máa bọ̀. Mi ò fẹ́ kú láì rí i. Ọmọ tó bí yẹn náà, kó gbé e wá fún mi." Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí egungun ẹja há sí ènìyàn lọ́fun. Ó ní òun máa fi fìlà òun ṣe àmì, fìlà àrán dúdú tí ẹ̀gbọ́n mi fi owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe rà fún un, tó sì fi òwú funfun kọ orúkọ bàbá sí nínú. "Tó bá rí i, ó máa mọ̀ pé èmi ni." Ó kìlọ̀ pé kí n má sọ fún ìyá mi, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì í. Ọdún méje ló fi bú ọmọ náà lójú gbogbo ará àdúgbò, kò mọ bí òun yóò ṣe yí i padà lójú wọn. Ó ní kí wọ́n kàn ṣàdédé rí i nílé.

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀mí bàbá mi ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ yìí, èmi sì ń ronú ibi tí mo máa dúró sí tí fọ́tò mi á fi gbé ilé gíga náà tán.

A di ẹrù fún ọjọ́ mẹ́ta. Gàrí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyá mi, tó ń ra ẹja ní Ekpè wá tà, fún wa ní ẹja gbígbẹ tí a fi ìwé wé, ẹ̀pà sísun, àti ata lílọ̀ nínú ìgò. A mú sítóòfù kékeré kan, ẹní kọ̀ọ̀kan, ike omi kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ kò lè dákẹ́. Ó ń pè mí ní Kámárádì Gàrí. Ó ní, "Tí a bá dé Abíjàn, iwájú ilé Ààrẹ wọn gan-an ni màá ti rẹ gàrí temi, kí wọ́n wá gbé mi." Mo ya àwòrán ọ̀nà sínú ìwé kan, mo fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí ibi tí a ó ti sùn láìsanwó, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú mọ́ṣáláṣí, ibùdókọ̀. Mo ka gbogbo ẹrù náà lẹ́ẹ̀mejì, mo fi àmì síwájú ohun kọ̀ọ̀kan nínú ìwé. Fìlà kò sí nínú ìwé náà, nítorí àṣírí ni.

Ọjọ́ tí a máa lọ, ìyá mi ti bọ́ sọ́nà Ekpè láti ìdájí. Ó ti ṣàdúrà fún mi ní ìrọ̀lẹ́ àná. Bàbá mi nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà, ikọ́ gé e mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà orí rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Òun nìyí." Mo ní mo gbọ́, Bàbá. Okùn ìbàdí àpò náà ló dí mi lọ́wọ́, kò fẹ́ so. Aránṣọ sì ti wà níta tó ń ké sí mi pé kí n yára, pé gbogbo àdúgbò ti jáde wá wò wá. Ó wù mí kí wọ́n wò mí. Mo gbé àpò kọ́, bàbá mi dìde, ó bá mi fa okùn náà le, ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Mo jáde.

Ó yẹ kí n sọ èyí kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Nínú ilé wa, tí ènìyàn bá ti bọ́ sọ́nà ìrìn àjò jíjìn, wọn kì í pè é láti ẹ̀yìn, òun náà kì í sì í padà sílé. Wọ́n gbà pé bí wọ́n bá pè é lẹ́yìn, wọ́n ti já ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, ó lè má dé ibi tó ń lọ, ó lè má bọ̀. Wọ́n pe àbúrò ìyá bàbá mi kan lẹ́yìn nígbà kan nítorí àpò tábà tó gbàgbé, ọkọ̀ rẹ̀ sì dojú dé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Tí ẹrù ẹnì kan bá kù nílé, ẹni tó ń mú un bọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kó bọ́ síwájú rẹ̀, kó pàdé rẹ̀ ní ojúkojú bí ẹni tó ń ti ìlú mìíràn bọ̀, kó tó fà á lé e lọ́wọ́. Bàbá mi kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, ṣùgbọ́n bó ṣe gba ìrìbọmi gbọ́ náà ló gba èyí gbọ́. Èmi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì.

Nítorí kí a má baà sanwó, a fẹsẹ̀ rìn láti ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin lọ sí oríta Gòdómè, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sọ́nà Lómè máa ń dúró. Ìrìn náà jìnnà. Inú wa dùn ní wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn ènìyàn ń pè wá ní òyìnbó dúdú, aránṣọ ń juwọ́ sí wọn bí ìjòyè. Ní wákàtí kejì okùn ti ń jẹ èjìká, oòrùn ti mú, a dúró lábẹ́ igi nígbà méjì. Mi ò wẹ̀yìn rárá. Mo rántí pé mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe nítorí èèwọ̀ o, ọrùn ló ń dùn mí.

Ní Gòdómè, ọkọ̀ mẹ́ta kọ̀ wá. Ẹ̀kẹrin, tó kó àpò iyọ̀, dírébà rẹ̀ wò wá lókè wò wá nísàlẹ̀, ó ní, "Àwọn wo rèé? Ṣé ẹ̀yin náà ń sálọ ni?" A fi ìwé àṣẹ hàn án. Ó ní kí a gun orí ẹrù, kí a má sùn, tí a bá ti jókòó dáadáa kí a gbá orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òun lè gbéra. A gùn ún. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì gbé igbá rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó wo ọ̀nà tí a gbà wá, ó fi èdè Gùn sọ fún mi pé, "Bàbá kan ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ló ń wò."

Mo wòye. Bàbá mi ni.

Ó ń tiro bọ̀ létí títì, orí rẹ̀ ṣófo. Mi ò rí i rí kó jáde láìdé fìlà. Ọwọ́ kan di itan mú, ọwọ́ kejì di nǹkan kan mọ́ àyà. Ìbẹ̀rù wọ̀ mí, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Lọ́jọ́ méjì ṣáájú ló ti ní bóyá kí n dúró kí òjò lọ tán ná. Mo rò pé ó ti yí ọkàn padà, pé ó fẹ́ wá dá mi dúró. Mo wá rí i tó kúrò létí títì, tó bọ́ sínú yanrìn, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú. Kò wo òkè níbi tí mo wà. Kò pè mí. Ibi tó wà kò jìnnà sí mi, ohùn tó ń borí ariwo ọkọ̀ ojú irin ì bá dé etí mi láìkígbe. Mo ní ó tán, dírébà ló ń lọ bá, á ní kó sọ̀ mí kalẹ̀, gbogbo Gòdómè á sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo gbá orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ náà fà. Bàbá mi ti dé ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ku díẹ̀ kó bọ́ síwájú. Ó gbìyànjú láti yára, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́. Ó dúró. Ó na ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Aránṣọ ní, "Wò ó, bàbá ń ṣí fìlà fún wa bí òyìnbó!" A rẹ́rìn-ín. Mo juwọ́ sí i. Mo juwọ́ títí a fi yà.

Mi ò ní fi ìrìn àjò náà da yín láàmú. Ọjọ́ mẹ́jọ la lò. A rẹ gàrí ní Lómè, a rẹ ẹ́ ní Akrá, òjò pa wá ní ẹnubodè, ẹja gbígbẹ hu funfun. Nígbà tí a dé Abíjàn, gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ibẹ̀ ni mo rí. Ilé náà ga. Ọ̀wọ́n náà sì wà níbẹ̀: a jókòó nínú ọgbà kan láti jẹun, ọlọ́dẹ lé wa jáde, a bèèrè omi, wọ́n na ọwọ́ kí a sanwó. Mo dúró lábẹ́ ilé gíga, kò sí ẹni tó ya fọ́tò mi, nítorí owó fọ́tò ju agbára wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé àdúgbò àwọn Nàgó, àwọn Yorùbá tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ó rí mi, ó pariwo, ó dì mọ́ mi tàpòtàpò. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ti pé ọdún márùn-ún, fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó se ìrẹsì fún wa, ọkọ rẹ̀ bá wa ṣe àwàdà. Nígbà tí a jẹun tán, mo tún ara mi jókòó bí ìránṣẹ́ pàtàkì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá ló rán mi sí yín. Ó ní kí ẹ máa bọ̀ wálé. Ara rẹ̀ kò yá."

Ó ń ṣa àwo nílẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àmì dà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fa àpò mọ́ra. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kó ẹní jáde, mo kó sítóòfù jáde, mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìyókù gàrí dà sórí ẹní rẹ̀. Mo wá rí bẹ́ǹṣì iwájú ilé lójú mi, mo rí ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo rí bàbá mi nínú yanrìn Gòdómè, ó ń tiro lọ síwájú, ó ń wá bó ṣe máa kọjú sí mi.

Tí mo bá sọ òótọ́ nígbà yẹn, bóyá ì bá gbà mí gbọ́. Bóyá ì bá pariwo lé mi lórí kó sì di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ ń wò mí, ọkọ rẹ̀ ń wò mí, èmi tíṣà tó ya àwòrán ọ̀nà, tó ka ẹrù lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Bàbá ní kò sí àmì. Ó ní kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wàyí. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Ìwọ náà. Ìwọ náà ti kọ́ iṣẹ́ àbúrò bàbá." Ó kó àwo, ó wọlé lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ló túbọ̀ ń dá a lójú pé èmi ni mo dá ara mi rán. Oúnjẹ wa tán, owó tán, kò sí ohun tí ènìyàn lè rí jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú yẹn. Mo ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ọjà, inú àpò ẹ̀yìn mi ni mo ń kó o sí, títí mo fi rí owó ọkọ̀ padà. Aránṣọ rí iṣẹ́, ó dúró. Èmi nìkan ló padà.

Mo dé ilé ní ọ̀sán gangan. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú, àwọn obìnrin ìjọ yí i ká. Mo bọ́ àpò sílẹ̀, mo jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́ kẹrin tí mo lọ ni bàbá mi kú. Ìyá mi ní nígbà tí òun dé láti Ekpè lọ́jọ́ tí a lọ, onímọ́tò aláàánú kan ló gbé bàbá wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún yanrìn. "Mo bá a jà," ó ní. "Mo ní kí ló gbé yín dé Gòdómè? Ó ní òun kàn sìn yín ni. Ó ní o ti lọ dáadáa, kí n má dààmú. Ó dé fìlà rẹ̀ mọ́rí, kò sì jẹ́ kí a bọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín." Kò sọ fún un pé mo gbàgbé nǹkan. Títí ó fi kú, kò fẹjọ́ mi sùn.

Mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó dúró lórí ibojì, ó ní, "Bàbá, ẹ kò ránṣẹ́ pè mí. Èmi ni mo dá ara mi wá." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Ohun tí mo máa sọ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Bí mo ṣe gbé e mì fún ohun tó lé ní ogójì ọdún nìyẹn. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ó ń le sí i láti sọ, torí pé mo ní láti sọ ìdí tí mo fi pẹ́. Àyípadà lọ, kámárádì kò sí mọ́, ìyá mi kú, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú ní Abíjàn. Ẹ̀gbọ́n mi padà wá, a jọ ń gbé ilé bàbá wa, àgbà ti dé sí àwa méjèèjì. Àwọn ènìyàn ń yìn wá pé ọmọ ìyá kò tún ju báyìí lọ.

Ní òjò tó kọjá yìí, a jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń pa ẹ̀pà. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní àwọn ọmọ òun ń fẹ́ gbé òkúta sórí ibojì òun tóun bá kú, pé òun ti sọ fún wọn kí wọ́n má sin òun sí ẹ̀gbẹ́ bàbá, torí pé ẹni tí kò pe ènìyàn, ènìyàn kì í lọ bá a. Ni mo bá sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti yàrá tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ títí dé ìgbà tí mo gbá orí ọkọ̀.

Ó dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀pà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún nígbà yẹn?"

Mo ní, "Tòsì."

"Ó sì rìn dé Gòdómè."

"Ó rìn dé ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Mo kọ́ gbogbo wọn pé bàbá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó sì kú bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ." Mo ní kó dárí jì mí. Ó mú fóònù rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà àkọ́bí rẹ̀, ó kí i, ó ní àbúrò òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó sì nà án sí mi.

"Sọ fún un," ó ní. "Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Má fo nǹkan kan."

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló wà lórí fóònù, ó ń pè mí ní Bàbá kékeré, ó ń bèèrè àlàáfíà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ó ń gbọ́, nígbà tí mo fẹ́ fo ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín lórí ọkọ̀, ó fọwọ́ tọ́ mi lápá. Láti ìgbà yẹn mo ti sọ ọ́ fún mẹ́ta nínú wọn. Ó ku àbíkẹ́yìn, tó wà lókè òkun, tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í sábà wọlé. Mo máa ń kí ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀, ó máa ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ wa kò tíì kọjá ibẹ̀.